Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tuntun: ìwé owó Mósè ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ kà á

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin alàgbà, akápò, akọ̀wé àti olórí ẹgbẹ́ tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́,

A kí yín kú oríire, a sì kí yín kú iṣẹ́ tó wà níwájú. Ìjọ kan pàtó kọ́ là ń bá wí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fi Yorùbá jọ́sìn, ìbáà jẹ́ Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ Kútọnù, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba ìgbìmọ̀ tuntun wọlé, àdúrà tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí Ọlọ́run fún yín ní ọ̀pá Mósè. Gbogbo wa a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú ogójì ọdún tí Ísírẹ́lì fi wà nínú aginjù, òru kan ṣoṣo ni òkun fi pínyà. Gbogbo ọjọ́ tó kù, owó ni wọ́n ń kà, ẹrù ni wọ́n ń pín, ẹjọ́ ni wọ́n ń dá, omi ni wọ́n ń wá. Nígbà tí Ọlọ́run sì fẹ́ jẹ́rìí Mósè ní Númérì 12, ẹsẹ 7, kò sọ pé ó lágbára, kò sì sọ pé ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní olóòótọ́ ni nínú gbogbo ilé òun. Ọ̀rọ̀ ìríjú nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tí onílé kó kọ́kọ́rọ́ fún.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi Òkun Pupa sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ ka àwọn ojú ìwé tí oníwàásù máa ń fò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ́kísódù 38, ẹsẹ 21 dé 31. Ìwé owó Àgọ́ Àjọ ló wà níbẹ̀: wúrà tálẹ́ńtì 29 àti ṣékélì 730, fàdákà tálẹ́ńtì 100 àti ṣékélì 1,775, idẹ tálẹ́ńtì 70 àti ṣékélì 2,400. Ẹ jẹ́ ká mú fàdákà nìkan, ká jọ dán an wò. Orí 30 ti kọ́kọ́ là á kalẹ̀ pé gbogbo ẹni tí a bá kà láti ọmọ ogún ọdún sókè yóò san ààbọ̀ ṣékélì; olówó kò gbọdọ̀ san lé, tálákà kò gbọdọ̀ san dín. Iye àwọn tí wọ́n kà jẹ́ 603,550. Ààbọ̀ ṣékélì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ṣékélì 301,775. Ṣékélì 3,000 ló wà nínú tálẹ́ńtì kan, torí náà tálẹ́ńtì 100 kó 300,000 lọ, ó ku 1,775. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà nìyẹn. Kò fi ṣékélì kan lé, kò fi ṣékélì kan dín.

Wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Tálẹ́ńtì 100 lọ sí ìhò-ìtẹ̀bọ̀ 100, ìyẹn àwọn ẹsẹ̀ fàdákà tí pákó àgọ́ ń dúró lé, tálẹ́ńtì kan fún ẹsẹ̀ kan. Ẹ padà sí orí 26 kí ẹ kà wọ́n: pákó 20 ní gúúsù, 20 ní àríwá, mẹ́jọ lẹ́yìn, àpapọ̀ 48. Ẹsẹ̀ méjì méjì ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 96. Òpó mẹ́rin tí aṣọ ìkélé rọ̀ mọ́ ló gba mẹ́rin tó kù. Ṣékélì 1,775 lọ sí ìkọ́ àwọn òpó, ohun tí wọ́n fi bo orí òpó, àti ọ̀já tó so wọ́n pọ̀. Ọmọ Ísírẹ́lì tó bá ń ṣiyèméjì nípa ààbọ̀ ṣékélì tirẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, kó ka ẹsẹ̀ pákó.

Ẹ wá wo ẹni tó ṣe kí ni. Mósè ló pàṣẹ pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Bẹ́sálẹ́lì àti Òhólíábù ló ń lo wúrà àti fàdákà. Ọmọ Léfì ló ṣe ìṣirò, lábẹ́ ọwọ́ Ítámárì ọmọ Áárónì. Ẹni tó ń náwó kọ́ ló ń kọ ìwé owó, ẹni tó ń kọ ìwé owó kọ́ ló sì pàṣẹ. Ọmọ Áárónì, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Orí mẹ́fà péré ṣáájú ibẹ̀, bàbá rẹ̀ gba yẹtí wúrà lọ́wọ́ gbogbo ìlú, kò ka iye rẹ̀, kò kọ ọ́ síbì kan. Nígbà tí Mósè bi í léèrè, ó ní, "Mo jù ú sínú iná, ẹgbọ̀rọ̀ màlúù yìí ló jáde wá." Irú ìròyìn owó bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì lẹ́yìn ìkórè: owó wọlé, a ná an, Ọlọ́run ṣeun. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa bóyá Ítámárì ń rántí ọjọ́ yẹn bó ṣe ń ka fàdákà. Àwa ò rò pé ó gbàgbé.

Kí ẹ lè ṣe bíi ti Ítámárì, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bí ìsìn bá ti parí, èèyàn méjì tí wọn kì í ṣe tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá ni kó ka owó igbá, lójú kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Kí ẹlòmíì gbé e lọ sí báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kì í sábà jẹ́ olè. Owó dísù ni. Wọ́n á ní jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ kú, wọ́n á fa díẹ̀ yọ nínú igbá kí wọ́n tó kà á, wọ́n á sì kọ èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni gbogbo ohun tó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó mọ iye tí ìjọ ń dá mọ́, olùyẹ̀wò ìwé kò sì ní ibi tó lè gbà bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo owó wọ báńkì ná. Dísù á dé, ẹ ó sì rí rìsíìtì rẹ̀.

Ẹ má sì da owó kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Wọn kò fi fàdákà orí ra epo fìtílà. Bí ìjọ bá dá owó òrùlé, páànù ni kó bá wa lókè. Tó bá wá tó, ẹ wí i. Ní Ẹ́kísódù 36, àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n lọ bá Mósè pé ohun tí àwọn èèyàn ń mú wá ti pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Wọ́n kéde rẹ̀ ká gbogbo ibùdó pé kí ọkùnrin tàbí obìnrin kankan má mú nǹkan wá mọ́. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn láti orí pẹpẹ pé owó ti pé, kí oníkálùkù máa gbé tirẹ̀ lọ sílé?

Tálẹ́ńtì kan ju kìlógíráàmù 30 lọ. Ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ fàdákà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yìí ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, gbogbo ìgbà tí ìkùukùu bá sì ti gbéra ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú wọn, kí wọ́n rù wọ́n, kí wọ́n tún tò wọ́n. Bí wọ́n ṣe pín ẹrù náà wà ní Númérì 4 àti 7. Ẹbí mẹ́ta ni nínú ẹ̀yà Léfì, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún dé àádọ́ta: Kóhátì 2,750, Gẹ́ṣónì 2,630, Mérárì 3,200. Àwọn olórí ẹ̀yà mú kẹ̀kẹ́-ẹrù mẹ́fà àti màlúù 12 wá. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà ni yóò pín in ní méjì méjì kó lè dọ́gba. Mósè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún Gẹ́ṣónì tó ń ru aṣọ ìkélé àti ìbòrí ní kẹ̀kẹ́ méjì àti màlúù mẹ́rin. Ó fún Mérárì tó ń ru pákó, òpó àti ẹsẹ̀ wọn ní kẹ̀kẹ́ mẹ́rin àti màlúù mẹ́jọ. Kóhátì kò rí nǹkan kan gbà, torí èjìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ru àwọn ohun mímọ́. Ìwọ̀n ẹrù ló pín in. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín owó fún ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí oníkálùkù ń rù. Ẹ má wo ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nípàdé.

Gbólóhùn kékeré kan tún wà ní Númérì 4, ẹsẹ 32, tó yẹ kí akọ̀wé yín lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹrù Mérárì, àṣẹ ni pé orúkọ ni kí wọ́n fi yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò rù. Kì í ṣe "ẹ̀yin Mérárì, ẹ kó pákó." Lágbájá ló ni pákó yìí, tàmẹ̀dò ló ni èèkàn yẹn. Èèkàn, okùn àti ọ̀pá ìdábùú ló máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Àpótí ẹ̀rí kì í sọnù, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìjọ. Pẹpẹ kì í sọnù. Maikirofóònù, wáyà ìfàgùn, ìkòkò ńlá ti ẹgbẹ́ ìyá àti kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ló máa ń wábi gbà. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, nǹkan lọ́wọ́ ọ̀tún, orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, kí ẹni náà buwọ́ lù ú. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹrù èjìká tún wà o. Nígbà ayé Dáfídì, wọ́n gbé àpótí ẹ̀rí lé kẹ̀kẹ́ tuntun. Kẹ̀kẹ́ náà dára lójú, orin ń lọ, ìlù ń dún, àfìgbà tí màlúù kọsẹ̀ tí Úsà na ọwọ́ dì í mú tó sì kú. Ní Kíróníkà Kìíní, orí 15, wọ́n padà sí ọ̀pá àti èjìká. Iṣẹ́ kan wà tí kẹ̀kẹ́ kò lè bá yín rù. Ìbẹ̀wò sílé ọlọ́fọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ìbẹ̀wò sí ibùsùn aláìsàn jẹ́ èkejì. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp rù wọ́n.

A ò ní pẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Jẹ́tírò torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ apá kan rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Àna Mósè wò ó láti àárọ̀ di alẹ́ bó ṣe ń dá ẹjọ́ òun nìkan, ó ní ohun tó ń ṣe yìí kò dára, àárẹ̀ á mú òun àti àwọn èèyàn. Àwọn méjèèjì, kì í ṣe Mósè nìkan. Èèyàn tó tò láti àárọ̀ nínú oòrùn ń jìyà ju onídàájọ́ tó jókòó lọ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n níhìn-ín àwọn ọmọ náà ń bá a ru nínú rẹ̀. Jẹ́tírò ní kó yan olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, olórí ọ̀rọ̀ọ̀rún, olórí àràádọ́ta àti olórí mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí a bá fi 600,000 ọkùnrin ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 600, 6,000, 12,000 àti 60,000: olórí 78,600. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn alága kan láti gbé iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́ta.

Apá tí wọ́n máa ń fò ni pé Jẹ́tírò fi kíkọ́ni ṣáájú yíyan. Ó ní kí Mósè kọ́kọ́ kọ́ wọn ní òfin àti ọ̀nà tí wọn ó máa tọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ní kó yan ẹni tó tó tán, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó jẹ́ olóòótọ́, tó sì kórìíra ojúkòkòrò. Mósè fúnra rẹ̀ ṣàlàyé nínú Diutarónómì 1 pé àwọn ẹ̀yà ló mú àwọn tí wọ́n mọ̀ wá, òun sì fi wọ́n joyè. Ó tún sọ ààlà fún wọn: kékeré àti ńlá ni kí wọ́n máa gbọ́ bákan náà, kí wọ́n má bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ tó bá le ni kí wọ́n gbé wá. Oyè láìsí ààlà ló ń fa kí gbogbo nǹkan tún padà sọ́dọ̀ alága. Ẹ kọ iye owó tí olórí ẹgbẹ́ lè ná láìbéèrè, ẹ kọ irú èdè-àìyedè tó lè parí láìdé ọ̀dọ̀ olùṣọ́ àgùntàn. Bí alága bá ṣì ń buwọ́ lu ríra gílóòbù, ẹ ò tíì yan ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ètò yẹn nìkan kò tó. Ní Númérì 11, lẹ́yìn tí onídàájọ́ ti wà káàkiri, Mósè ṣì ń sọ pé ẹrù àwọn èèyàn yìí wúwo jù fún òun, kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Kí ló dé? Ẹjọ́ ni àwọn onídàájọ́ ń gbà. Ẹkún ìlú kò ní ẹni tó ń gbà á. Wọ́n ń sunkún ẹja, apálà, bàrà àti àlùbọ́sà Íjíbítì ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ wọn, Mósè nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Nígbà náà ni Ọlọ́run ní kó pe àádọ́rin àgbààgbà tí wọn ó máa bá a ru ìlú. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tó mọ owó kà, tó mọ ẹjọ́ dá, tí kò sì ní ẹni tó ń jókòó ti àwọn tó ń kùn, yóò gbọ́ ìkùnsínú náà lọ́jọ́ tó bá ti di ọ̀tẹ̀.

Ọ̀tẹ̀ sì dé, ní orí 16. Ẹ wo ibi tó ti ṣẹ̀. Apá gúúsù àgọ́ ni ìdílé Kóhátì ń pàgọ́ sí, apá gúúsù náà sì ni ẹ̀yà Rúbẹ́nì wà. Kórà ọmọ Kóhátì ni. Dátánì àti Ábírámù, ọmọ Rúbẹ́nì. Aládùúgbò ni wọ́n. Ọ̀ràn wọn kò sì jọra rárá: Kórà ń fẹ́ oyè àlùfáà, àwọn ará Rúbẹ́nì ń bínú pé Mósè kò mú àwọn dé ilẹ̀ wàrà àti oyin tó ṣèlérí. Ìbínú méjì tó jókòó ti ara wọn ló di ọ̀kan, 250 olórí sì dara pọ̀. Mósè tú wọn palẹ̀. Ó fún Kórà ní àsìkò di ọjọ́ kejì, kò dá a lóhùn tìbínú-tìbínú lójú ẹsẹ̀ kó sì parí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Dátánì àti Ábírámù lọ́tọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní wá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn lẹ́nu àgọ́ wọn, àwọn àgbààgbà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ti yájú sí ló tún lọ. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohun kan tó fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé òun kò gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀tá. Ẹ sì ṣàkíyèsí Númérì 26, ẹsẹ 11: àwọn ọmọ Kórà kò kú. Orúkọ wọn ló wà lórí Sáàmù tí à ń kọ lónìí, nítorí náà ẹ má yọ ọmọ kúrò nínú akọrin torí pé bàbá rẹ̀ bá yín jà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dìde ló jẹ́ Kórà. Ọmọbìnrin márùn-ún ti Sélófẹ́hádì, Málà, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà, dúró níwájú Mósè, Élíásárì àlùfáà ọmọ Áárónì, àwọn olórí àti gbogbo ìjọ ní Númérì 27, wọ́n ní òfin ogún tó wà nílẹ̀ yóò pa orúkọ bàbá àwọn rẹ́ torí kò bí ọkùnrin. Wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé bàbá àwọn kò sí nínú ẹgbẹ́ Kórà. Mósè kò ní kí wọ́n lọ jókòó. Ó gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú Ọlọ́run, ìdáhùn sì ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin yí padà.

Kádéṣì la fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni olóòótọ́ yìí ti ṣubú. Lẹ́ẹ̀kan rí, ní Réfídímù, Ọlọ́run ní kó fi ọ̀pá lu àpáta, ó lù ú, omi jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ní Númérì 20, Ọlọ́run ní kó mú ọ̀pá náà dání, ṣùgbọ́n kó bá àpáta sọ̀rọ̀. Míríámù ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn èèyàn tún ń pariwo omi. Ọ̀fọ̀, àárẹ̀ àti ariwo pàdé lọ́jọ́ kan náà, ó sì ṣe ohun tí aláṣẹ tó ti pẹ́ lórí oyè máa ń ṣe: ó lo ọ̀nà àtijọ́. Ó lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe àwọn èèyàn ní ọlọ̀tẹ̀, ó bi wọ́n bóyá "àwa" ni kí àwọn mú omi jáde fún wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun níí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín jù níbẹ̀ ni pé omi jáde, ó sì pọ̀. Èèyàn mu, ẹran mu, ìlú dákẹ́. Lójú gbogbo wọn, ìpàdé náà yọrí sí rere. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọlọ́run sọ fún òun àti Áárónì pé wọn kò ní mú ìjọ yìí wọ ilẹ̀ náà. Bí ilé ìsìn bá kún, bí owó ìkórè bá lé, bí ilé tuntun bá gòkè, omi nìyẹn. Kò tíì sọ fún wa bóyá ẹ lu àpáta ni tàbí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin akọ̀wé, tiyín wà ní Númérì 33. Mósè kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣí àti ibi tí wọ́n dó sí, ibùdó 42. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ní púpọ̀ nínú wọn: wọ́n ṣí ní Rítímà, wọ́n dó sí Rímónì-Pérésì. Ó tó. Ẹ kọ ìpàdé tí kò bí nǹkan kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó wá, torí ọdún tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan ni wọ́n máa ń fi yín jẹ́jọ́. Ẹ sì wá ìlérí tí àwọn tó ṣáájú ṣe kiri nínú ìwé ìpàdé àtijọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹrù ni Ísírẹ́lì gbé jáde ní Íjíbítì lóru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Mósè rántí egungun Jósẹ́fù, torí wọ́n ti búra fún un. Wọ́n gbé e kiri fún gbogbo ogójì ọdún náà, Ṣékémù ni wọ́n sì sin ín sí. Bí ìgbìmọ̀ tó lọ bá ti ṣèlérí owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ opó kan, ẹrù yín ni.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbé ipò sílẹ̀ ló kù. Áárónì gun òkè Hórì ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún ogójì, ẹni ọdún 123. Mósè bọ́ ẹ̀wù àlùfáà lọ́rùn rẹ̀, ó fi wọ Élíásárì, lójú Áárónì, kó tó kú. Nígbà tó kan Mósè náà, òun ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: kí Ọlọ́run yan ẹnì kan, kí ìjọ yìí má dà bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Ó ní ọmọ méjì, Gẹ́ṣómù àti Élíésérì. Kò dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Jóṣúà ni, ẹni tó ti jagun ní Réfídímù, tó tẹ̀ lé e dé òkè Sínáì, tó ti ṣe amí, tí Mósè sì ti bá wí rí nígbà tó fẹ́ pa Élídádì àti Médádì tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní ibùdó lẹ́nu mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú Élíásárì àti gbogbo ìjọ. Àṣẹ tó wà níbẹ̀ ni pé kó fi nínú ọlá rẹ̀ lé e lórí: díẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè, kí ìlú lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tirẹ̀. Jóṣúà, ní tiẹ̀, kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó wà ní Àwọn Onídàájọ́ 2, ẹsẹ 10: ìran mìíràn dìde tí kò mọ Olúwa.

Nítorí náà, ẹ yan igbákejì akápò láti ọjọ́ òní, kí ó ka ìròyìn owó fún ìjọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí akápò ṣì jókòó síbẹ̀ tó lè tún un ṣe. Bí sáà yín bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lé ara yín lọ́wọ́: ìwé báńkì, ìwé sọ̀wédowó, fáìlì rìsíìtì, kọ́kọ́rọ́, ìwé ohun-ìní. Ẹ kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà buwọ́ lù ú lójú ìjọ. Kí ẹ sì yí orúkọ àwọn tó ń buwọ́ lu àkáǹtì padà ní báńkì lọ́sẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí ẹni tó ti kó lọ sí ìlú òkèèrè á ṣì jẹ́ ẹni tí gbogbo ìjọ ń wá kó wá buwọ́ lùwé.

Ní ìpàdé yín àkọ́kọ́, kí ẹ tó dé orí kókó kankan, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka Ẹ́kísódù 38, ẹsẹ 21 dé 31, sókè. Lẹ́yìn náà kí akápò tẹ́ ìwé owó tí ẹ bá nílẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ jọ mú owó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ tọ̀ ọ́ láti ọwọ́ ẹni tó dá a títí dé ohun tí wọ́n fi rà. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ pákó, ẹ kọ ọ́ sórí pátákó ìkéde kí gbogbo ìjọ kà á. Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà.

Tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Àwa olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì